Ìwádìí Kì í Ṣe Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Nìkan

Ní ọdún 1962, àwọn olùkọ́ àti òǹkọ̀wé kan tí wọn kò pọ̀ kó ara wọn jọ ní ìlú Kozhikode, ní ìpínlẹ̀ Kerala tó wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Kerala Sasthra Sahithya Parishad ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà kò ju pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Malayalam, èdè tí ará ibẹ̀ fi ń ná ọjà, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má bàa di ẹni ẹ̀yìn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àrùn, oúnjẹ àti ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Kerala kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti tutù. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù lé ní ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀, àwọn Mùsùlùmí tó ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ yìí kò bi ẹnikẹ́ni pé ta lò ń sìn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹni tó ń lọ sí mọ́sálásí wà níbẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí kò gba ọlọ́run kankan gbọ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ní báyìí ni ọ̀rọ̀ rí, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá, gbogbo wọn á sì jọ yẹ ẹ̀rí náà wò.

A gbé ọ̀rọ̀ wọn wá síbí nítorí ohun kan tó ń jẹ wá lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí irú ẹgbẹ́ tí a kò mọ̀ ọ́n dá: ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àsàlátù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ará àdúgbò yóò ti jọ jókòó wádìí ìdí tí omi kànga wọn fi ń yí àwọ̀ padà, tàbí ìdí tí àwọn ọmọ òpópónà kan fi ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́dọọdún tí ti òpópónà kejì kò sì rí bẹ́ẹ̀, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín wa gan-an. Bí irú ọ̀ràn báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà méjì la máa ń gbà: ká ké sí ìjọba, tàbí ká gbààwẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀nà kẹta wà, pé ó bójú mu kí àwọn èèyàn lásán jọ máa wádìí ayé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, àti pé kò yẹ kí ẹ̀sìn jẹ́ ìwé àṣẹ tí èèyàn yóò fi wọlé sí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kíkọ ni àwọn ará Kerala fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé àtìgbàdégbà Sasthragathi jáde ní 1966, Sasthrakeralam ní 1969, àti Eureka fún àwọn ọmọdé ní 1970. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìwé nìkan kò tó. Ẹni tó ti kà nípa bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà kiri, tí omi ìdọ̀tí sì dúró pa sínú gọ́tà níwájú ilé rẹ̀, kí ni ìmọ̀ rẹ̀ tíì ṣe fún un? Ta ló yẹ kó ko gọ́tà náà? Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un dà? Irú ìbéèrè wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń pinnu bóyá ibà yóò mú ọmọ tàbí kò ní í mú un. Ní 1974, ẹgbẹ́ náà mú gbólóhùn tuntun lò, pé sáyẹ́ǹsì yóò wà fún ìyípadà tegbòtigaga láwùjọ. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti ya ọ̀rọ̀ ewéko àti odò kúrò lára ọ̀rọ̀ owó àti àṣẹ mọ́.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù ni ọ̀rọ̀ igbó kan tí wọ́n ń pè ní Silent Valley, ní agbègbè Palakkad. Igbó kìjikìji ni, odò Kunthipuzha ló sì la àárín rẹ̀ kọjá. Láàárín àwọn ọdún 1970, àjọ iná mànàmáná ìpínlẹ̀ náà múra láti sé odò yìí, kí wọ́n máa fi omi rẹ̀ ṣe iná. Ta ni yóò ní òun kò fẹ́ iná? Ilé iṣẹ́ nílò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńláńlá sì wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. M. K. Prasad, onímọ̀ nípa ewéko tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Parishad, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè pé igbó tí dáàmù náà yóò bò mọ́lẹ̀, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ọ̀bọ kan ń gbé inú rẹ̀, tí gọ̀gọ̀ aláwọ̀ eérú yí ojú rẹ̀ ká, tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì ní ìdì irun bíi ti kìnnìún. Àfi lórí àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí ọ̀bọ yìí ń gbé nínú igbó. Bí ẹgbẹ́ náà bá dúró sí orí igbe lásán, bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni ayé ìbá máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n kó onímọ̀ ewéko, ẹnjiníà àti onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé jọ, wọ́n sì kọ ìwádìí kan jáde ní 1979 tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n: ohun tí yóò ṣègbé nínú igbó, iye iná tí yóò jáde ní ti gidi, àwọn tí iná náà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àti àwọn ọ̀nà mìíràn tí ìpínlẹ̀ náà lè gbà rí iná láì sé odò. Ẹnjiníà kan nínú wọn, M. P. Parameswaran, iṣẹ́ agbára átọ́míìkì ló kọ́. Kì í ṣe ẹni tó kórìíra ẹ̀rọ.

Wọ́n gbé ìwádìí yìí kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e lọ sí abúlé àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn akéwì gbà á lẹ́nu wọn, Sugathakumari sì wà níwájú. Àríyànjiyàn náà gbóná, kódà láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé bákan náà. Ní 1983, ìjọba pa ètò dáàmù náà tì. Ní 1984, wọ́n sọ igbó ọ̀hún di ọgbà ìṣẹ̀dá ti orílẹ̀-èdè. Ní 1985, Rajiv Gandhi tó jẹ́ olórí ìjọba Íńdíà ṣí i. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ni pé àwọn àgbà onímọ̀ wà ní àjọ iná mànàmáná náà, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, ìṣirò wọn sì pé. Ohun tó kù ni kí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ tún ìṣirò náà ṣe ní gbangba, ní èdè tí gbogbo ìlú gbọ́. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀ ni ìpinnu ìjọba yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun kékeré kan tí wọ́n tún ṣe, torí pé inú ilé ìdáná wa gan-an ló ti bá wa wí. Igi ni ọ̀pọ̀ ìyá ní Kerala fi ń dáná nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìyá ní abúlé wa ṣe ń ṣe títí di òní. Ẹni tó bá ti fẹ́ iná lórí ààrò mẹ́ta rí mọ bó ṣe ń rí: èéfín á bo ojú, omi á máa jáde lójú, ikọ́ á gba ọmọ tó wà lẹ́yìn. Àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ náà tú ìdáná yìí palẹ̀, wọ́n ń bi í léèrè ibi tí ooru ń gbà lọ. Ooru púpọ̀ ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò láì dé ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá igi jó kò wọlé dáadáa, ni igi fi ń rú èéfín dípò kó jó. Wọ́n wá mọ ààrò tó ní ilé iná tó há, tí ooru tó bá kọjá lábẹ́ ìkòkò kìíní yóò tún mú ìkòkò kejì gbóná, tí èéfín yóò sì gba ihò gbọọrọ jáde sókè òrùlé. Igi tó ń lọ dínkù, èéfín kúrò lójú ìyá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní ọdún 2020 nìkan. Kò sí ìjọ tàbí jámáà tí èéfín yìí kò wọ ilé àwọn ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ètò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dé, ní agbègbè Ernakulam. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kínní ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1990, wọ́n kéde agbègbè náà gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ ní gbogbo Íńdíà tí àwọn ará rẹ̀ ti mọ̀wé kọ, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Nǹkan bíi 20,000 èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ni láìgba owó, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jẹ́ apẹja, alágbàṣe àti ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú ni kò jẹ́ kí àwọn àgbà kan rí lẹ́tà, wọ́n wá gíláàsì ojú fún wọn kí ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ síwájú. Ìwọ̀n wà fún ẹni tí wọ́n máa pè ní amọ̀wé: kó lè ka ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì lè ka nọ́ńbà, kó sì kọ ọ́, láti 1 dé 100. Ọ̀rọ̀ omi mímu, iṣẹ́ àti ìlera ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà, tí ẹni tó ń kọ́ lẹ́tà fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ kànga lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1996, wọ́n fi ẹ̀bùn Right Livelihood dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá.

Ó yẹ ká sọ òtítọ́ tó wà ní apá kejì. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí nìkan ló gbé Kerala dé ibi tó dé. Àwọn ọba àtijọ́ àti àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ tipẹ́, Sree Narayana Guru tó jẹ́ ẹni Ọlọ́run ti jà kí ilé ìwé ṣí fún àwọn tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀yìn, ìjọba agbègbè sì kópa tó pọ̀ nínú ètò Ernakulam. Èyí kò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́, ńṣe ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn tó kọ́ ilé ìwé àti àwọn aláìlẹ́sìn tó kọ́ni nínú rẹ̀ lè pàdé lórí iṣẹ́ kan náà, bí kò bá ti sí ẹni tó ní dandan ni kí ẹnì kejì kọ́kọ́ gba ohun tí òun gbà gbọ́.

Àwọn kan yóò ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn: àwùjọ tí kò bá fi Ọlọ́run ṣáájú, ìwà kò ní í sí níbẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ló gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú wa ń rí. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kún ìlú wa, àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ kì í sì í ṣe aláìlẹ́sìn. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ìjókòó iwájú. Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ kan ìwà àti ẹ̀sìn mú bí ẹni pé wọn kò lè pínyà. Ìwà lẹ̀sìn ni wọ́n wí, ọmọlúàbí ni wọ́n sì ń wá nínú oníṣàngó, nínú ìmàle, nínú onígbàgbọ́. Iṣẹ́ ìwádìí fúnra rẹ̀ sì ní ìwà tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é: kó má purọ́ nípa ohun tó kà, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò, kó gbà pé òun ṣì í bí ẹ̀rí bá tako òun. Ẹni tó bá fi irú ìwà yìí kọ́ ọmọ, kò ba ọmọ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí aláìlẹ́sìn máa ṣiṣẹ́ fún ìlú kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 1956, Tai Solarin dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́yìn tó fi ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ìjọsìn jẹ́ ara iṣẹ́ ilé ìwé. Kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí mọ́sálásí nínú ọgbà rẹ̀, síbẹ̀ àwọn òbí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń mú ọmọ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, torí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń kọ́lé fúnra wọn, wọ́n sì ń yege nínú ìdánwò. Wole Soyinka náà gba ẹ̀bùn àgbáyé ti àwọn humanist ní 2014. Humanist là ń pe àwọn tó gbà pé làákàyè, ẹ̀rí àti ire ọmọ ènìyàn ló yẹ kó máa darí ayé, láìgbé e karí ọlọ́run kankan. Leo Igwe, tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2020 tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n bá pè ní àjẹ́, tó sì jẹ́ pé ìyá arúgbó àti ọmọdé tí kò ní alágbàwí ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí aláìlẹ́sìn bá gba ìyá onígbàgbọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ lókùúta, a rò pé ó tọ́ sí ọpẹ́.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà yanjú. Abala 38 nínú ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí èrò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n mú Mubarak Bala, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn humanist ní Nàìjíríà, nítorí ohun tó kọ sórí Facebook; ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Kánò sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 24, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí ọdún márùn-ún ní 2024. Ó ti jáde báyìí. Ẹni tó bá ní inú bí òun sí ohun tí ọkùnrin náà kọ, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 24 kì í ṣe èsì sí èrò. Ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àlùfáà àti ààfáà ti ń jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ìyẹn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àtakò mìíràn wà tó le ju ti ẹ̀sìn lọ. Wọ́n á ní a ti ní yunifásítì, a ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni kí télọ̀ àti ìyá alákàrà máa wádìí sáyẹ́ǹsì fún? Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà, àwọn dókítà wa ṣe iṣẹ́ takuntakun, wọ́n sì lé àrùn náà lọ. Ní àkókò kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn lóru pé kí èèyàn mu omi iyọ̀, kó sì fi wẹ̀. Àwọn kan mu ún débi tí wọ́n fi kú. Ìmọ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ìkéde ìjọba wà lórí rédíò. Ẹni tí kò sí ni ẹni tó wà nítòsí ní aago méjì òru, tí ará ilé fọkàn tán, tó ti mọ́ lára láti béèrè pé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀? Yunifásítì kò lè dé gbogbo yàrá ní òru. Àdúgbò tó ti ń jọ béèrè ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ lè ṣe é.

Wọ́n á tún ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di ti olóṣèlú. Ewu yìí kì í ṣe àròsọ. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Parishad léraléra pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì ló ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà sì sún mọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀rọ̀ Silent Valley, ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n kọ́ dáàmù, àwọn ọmọ Parishad sì dúró sórí ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí. Ibi tí a ti ń dán irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò nìyẹn. Bí ẹ̀rí bá bá ọ̀rẹ́ wọn nínú òṣèlú wí, ṣé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde? Ẹgbẹ́ tí kò bá lè ṣe é, kí ìlú fi í sílẹ̀.

Ní ti èdè, àwa ti ní ẹ̀rí tiwa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ta wọ́n yọ. Láti 1859 tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ni a ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní Yorùbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí tàbí ìṣàn odò, kó lọ wo ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe.

Níbo la ti lè bẹ̀rẹ̀? Ìbàdàn kò gbàgbé Ògùnpa. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi rẹ̀ pa èèyàn tó lé ní igba. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún gba ìlú kan náà, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ girama lè gé orí ike omi, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú ìyókù, kó fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì máa kọ iye òjò tó rọ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Bí ogún ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti òkè odò dé ìsàlẹ̀, tí àwọn káfíńtà àti mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá odò sì fi ọ̀dà sàmì sí ara afárá láti mọ ibi tí omi dé, tí àwọn ọlọ́jà ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí wá lóṣù, láàárín ọdún méjì àdúgbò yóò mọ iye wákàtí tó máa ń wà láàárín òjò ńlá ní òkè àti kíkún omi ní ìsàlẹ̀. Wọ́n á lè sọ fún ara wọn ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nílé. Wọ́n á sì ní ìwé lọ́wọ́ tí wọ́n máa gbé síwájú alága káńsù, tí kò ní í lè sọ pé ẹnu lásán ni.

A ń rọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n ṣí ilé ìkàwé wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé fún irú àwùjọ yìí, láìbéèrè àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láì sì dí ẹni tó bá fẹ́ gbà á sínú lọ́wọ́. A ń rọ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Àkúngbá, kí wọ́n wá jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára wọn, kí wọ́n fi Yorùbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbà kí wọ́n bi wọ́n léèrè. Ní tiwa, a ṣe tán láti tẹ ohun tí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ bá rí jáde ní ojú ewé yìí, tòun ti ìwọ̀n àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, yálà ó dùn mọ́ ìjọba nínú tàbí kò dùn mọ́ ọn, yálà ó bá ohun tí àwa fúnra wa kọ síbí mu tàbí ó takò ó.